Òkúta ìlẹ̀kẹ̀ Pueblo mi ń di àwọ̀ ewé: ṣé wọ́n rẹ́ ọmọ mi jẹ ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Houston rìnrìn àjò lọ sí New Mexico lọ́dún tó kọjá, ó sì ra ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan ránṣẹ́ sí mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ará Pueblo, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lápá ibẹ̀, ló fi ọwọ́ ṣe é. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun wẹ́wẹ́ ni, òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run wà láàárín wọn, ẹyẹ kan sì rọ̀ níwájú rẹ̀. Ó tún ra òrùka fàdákà kan tí irú òkúta yẹn wà lórí rẹ̀. Mo ti ń wọ̀ wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti òde. Ní báyìí, àwọn òkúta tó wà lápá ẹ̀yìn ọrùn mi ti ń di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ti òrùka kò yí padà rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta wúrà dojú ẹyẹ náà dé, ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí rọ́bà, ó ní ike ni, ayédèrú ni wọ́n kó fún ọmọ mi. Inú mi bàjẹ́, n kò sì tíì lè sọ fún ọmọ náà. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ?"

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀bùn ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, ẹ má sì tíì sọ nǹkan kan fún un. Ohun méjì tí ọ̀rẹ́ yín rí tó fi pè é ní ayédèrú, àwọ̀ ewé yẹn àti ẹ̀yìn dúdú yẹn, ni ohun méjì tí èmi gan-an kọ́kọ́ máa ń wá bí wọ́n bá gbé irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí síwájú mi. Bí nǹkan kan bá wà nínú ẹrù yín tí mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lé lórí, òrùka tí kò yí padà yẹn ni. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń tún ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà ṣe ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Pueblo sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa.

Turquoise ni wọ́n ń pe òkúta náà. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ti ń wá, níbi tí omi ti ń ṣàn gba inú àpáta tó ní bàbà, tí ohun tó wà nínú omi náà sì ń dì sínú ibi tó là lára àpáta díẹ̀díẹ̀. Bàbà yẹn ló fún un ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Kò le bí dáyámọ́ńdì rárá. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ líle òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, àárín 5 sí 6 ló wà, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ le ju gíláàsì fèrèsé lọ. Ó sì ní ihò tín-ín-tìn-tín káàkiri ara rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ mọ bí àmù ṣe máa ń mu omi títí ara rẹ̀ á fi tutù? Bẹ́ẹ̀ náà ni turquoise ṣe ń mu ohun tó bá kàn án. Òógùn, òrí, àdí àgbọn, ìpara, lọ́fínńdà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ lọ, bó bá sì ti wọlé, àwọ̀ ojú ọ̀run á máa yí sí àwọ̀ ewé.

Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ni, ibi tí òógùn ti ń ṣàn, tí ohun tí a fi para sì máa ń kó jọ sí. Òkúta iwájú wà lórí aṣọ, kò kan ara, òun ló ṣe dúró bó ṣe wà. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta funfun tí wọ́n pa láró kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun a máa ṣí ni. Èyí tó bá ń di àwọ̀ ewé níbi tó ti kan ara nìkan, òkúta gidi ni mo máa ń kà á sí, òkúta tí wọn kò fi oje kankan dí ihò ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ Pueblo tó ti pé ọgọ́rin ọdún, tí ìyá wọ̀ tí ọmọ náà wọ̀, àwọ̀ ewé pọ̀ lára rẹ̀, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ kúrò.

Ó wá ku ẹyẹ ẹlẹ́yìn dúdú. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, ọ̀rẹ́ yín sì mọ ti wúrà. Ti ẹyẹ Kewa ni kò tíì gbọ́.

Kewa jẹ́ ìlú Pueblo kan lẹ́bàá odò Rio Grande ní New Mexico, láàárín ìlú Santa Fe àti Albuquerque. Àwọn ará Sípéènì ló sọ ọ́ ní Santo Domingo, orúkọ yẹn ni ẹ ó sì rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n Kewa ni àwọn ọmọ ìlú ń pè é. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, owó tí wọ́n máa fi ra òkúta dúdú àti ìkarahun pupa tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ohun tí ẹlòmíràn ti jù nù. Ara bátìrì mọ́tò ayé ìgbà yẹn, rọ́bà dúdú tó le ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á tú bátìrì tó ti kú, wọ́n á fi ayùn gé ara rẹ̀ ní àwòrán ẹyẹ, apá rẹ̀ nínà, orí rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti fọ́ náà wúlò fún wọn. Ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín pupa ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ láti fi rí àwọ̀ pupa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ẹ̀rún turquoise tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń gé èyí tó tóbi, wọ́n á tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sí àyà ẹyẹ náà, wọ́n á fi àtè lẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì lọ ojú rẹ̀ títí á fi dọ́gba. Ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò àti ẹ̀bá ojú irin ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn.

Lónìí, àwọn ilé ọnà ń kó ẹyẹ wọ̀nyí pamọ́. Angie Reano Owen, ọmọ Kewa tí gbogbo oníṣẹ́ yìí mọ orúkọ rẹ̀, inú ilé tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹyẹ yìí ni wọ́n bí i sí. Ní àwọn ọdún 1970 ló lọ wo iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn tó wà ní ilé ọnà, ó sì mú iṣẹ́ títo òkúta wẹ́wẹ́ sórí ìkarahun padà sí ojú ayé. Nítorí náà, Màmá, rọ́bà ẹ̀yìn ẹyẹ yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ èèyàn tí ebi ń pa, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, ló ṣe é.

Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí n kò tíì fi ojú kàn án. Láti ìgbà tí ẹyẹ yìí ti gbówó lórí ni àwọn kan ti ń ṣe tuntun tí wọ́n ń pè é ní ti àtijọ́. Ẹ gbé e sí ojú oòrùn, kí ẹ sì wo etí rẹ̀ yíká. Bí ẹ bá rí ilà gbọọrọ kan tó yí i ká láìdáwọ́ dúró, inú mó̩ò̩dù ni wọ́n ti dà á, ike ni, ọ̀rẹ́ yín sì jàre. Bó bá jẹ́ pé ipa ayùn ló wà níbẹ̀, tí etí kan nípọn ju èkejì lọ, ìyẹn dára. Ẹ wá mú abẹ́rẹ́, kí ẹ rọra fi ṣóńṣó rẹ̀ wọ́ àyà ẹyẹ náà láti apá kan dé èkejì. Níbi tí ẹ̀rún òkúta kan bá ti pàdé òmíràn, abẹ́rẹ́ á ta díẹ̀, kíkí, kíkí. Bí ojú rẹ̀ bá ń yọ̀ geere bí àwo ike, àwòrán òkúta ni wọ́n tẹ̀ sí i, kì í ṣe òkúta. Ẹ wo ihò tí okùn gbà kọjá pẹ̀lú. Okùn tó ti gba ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún á ti jẹ ẹnu ihò náà sí apá òkè.

Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ tún dán ìlẹ̀kẹ̀ funfun wò. Heishi lorúkọ rẹ̀, ìkarahun ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Keres tí wọ́n ń sọ ní Kewa. Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í tún fi ojú kékeré wo ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wọ́n á gé ìkarahun òkun sí kélekèle, kélekèle tí kò tóbi ju ọmọ èékánná ìka tó kéré jù. Wọ́n á fi ẹ̀mú ré igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kó lè jọ róbótó. Wọ́n á lu ihò sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, igi kan ni wọ́n fi ń lu ú, òkúta mímú wà ní ẹnu rẹ̀, okùn sì lọ́ mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá ti ń tẹ igi ìdábùú rẹ̀ sísàlẹ̀, okùn á tú, á tún wé padà, igi náà á máa yí bíríbírí. Nígbà tí wọ́n bá lu gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á sín in sórí wáyà tàbí okùn líle, wọ́n á wá na gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkúta bí ẹní ń lọ ata lórí ọlọ, síwá sẹ́yìn, títí igun gbogbo á fi kúrò. Ẹ̀rọ onína mànàmáná ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lónìí, ọwọ́ ló ṣì ń darí rẹ̀. Èyí tó fọ́ dànù kì í kéré.

Ẹ fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, kí ẹ fà á kọjá. Heishi tó dáa máa ń yọ́ lọ bí ejò ni, kò ní ta yín lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá wò ó fínnífínní, ẹ ó rí i pé wọn kò nípọn bákan náà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde láti inú ike á dọ́gba délẹ̀délẹ̀, ara rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkarahun gidi máa ń tutù bí ẹ bá kọ́kọ́ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàárọ̀.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti pẹ́ kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Nítòsí Kewa náà ni òkè Cerrillos wà, àwọn èèyàn ti ń wa turquoise níbẹ̀ láti ohun tó ju 1,000 ọdún lọ. Ní àfonífojì Chaco, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Pueblo Bonito, ilé tó ní yàrá tó ju 600 lọ, àwọn awalẹ̀pìtàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1896 bá ẹyọ turquoise tó ju 10,000 lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lára òkú àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n sin sínú yàrá kékeré. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta dúdú gbẹ́, turquoise ni ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ìran àwọn tó kọ́ ilé yẹn ni àwọn ará Pueblo òde òní, ìlú wọn 19 ló wà ní New Mexico, àwọn Hopi sì wà ní Arizona. Àwọ̀ ojú ọ̀run àti omi ni wọ́n ń rí nínú òkúta yìí, ẹ sì mọ ohun tí omi jẹ́ fún àgbẹ̀ tó ń gbé nínú aṣálẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí sẹ̀gi jẹ́ ní ọrùn ọba kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fàdákà ni àbúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì pé 200 ọdún tó dé ọwọ́ wọn. Àwọn Navajo, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ará Mẹ́síkò. Ní nǹkan bí ọdún 1872, alágbẹ̀dẹ Navajo kan tó ń jẹ́ Atsidi Chon lọ sí Zuni, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Pueblo, ó kọ́ ọmọ Zuni kan tó ń jẹ́ Lanyade ní iṣẹ́ náà, Lanyade sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn Hopi ní òpin ọ̀rúndún náà. Owó ẹyọ dọ́là àti ti Mẹ́síkò ni wọ́n ń yọ́ nígbà yẹn láti fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọwọ́ tirẹ̀. Ará Zuni fẹ́ràn òkúta ju fàdákà lọ: wọ́n á gé e tín-ín-rín bí imú abẹ́rẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí ẹ̀gbà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé fàdákà tirẹ̀. Ará Hopi máa ń fi awẹ́ fàdákà méjì lé ara wọn, wọ́n á ti fi ayùn gé àwòrán sí ti òkè, wọ́n á fi iná jó wọn pọ̀, wọ́n á sì sọ ti ìsàlẹ̀ di dúdú kí àwòrán lè yọ. Àwọn sójà Hopi tó ti ogun àgbáyé kejì dé ni wọ́n kọ́ ní irú iṣẹ́ yẹn kí ó tó gbilẹ̀, ẹgbẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949. Charles Loloma, ọmọ Hopi tó kú lọ́dún 1991, a máa to òkúta iyebíye sí inú ẹ̀gbà ọwọ́, lápá ibi tó kan ara, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ti mọ̀ pé ó wà. Mo ti rí ọ̀kan rí ní ilé ọnà, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òrùka yín. Pé òkúta rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni ó wà, tí ọṣẹ àti epo ń kàn án lójoojúmọ́, ó fi hàn mí pé wọ́n ti ṣe nǹkan sí i. Ó lè jẹ́ turquoise gidi tó rọ̀ jù, tí wọ́n fi oje kẹ́míkà tó máa ń le dí ihò ara rẹ̀. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí olùtajà bá sọ ọ́ síta. Ó lè jẹ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta tí wọ́n po mọ́ oje àti aró, tí wọ́n tẹ̀ di odidi, tí wọ́n sì gé bíi búrẹ́dì. Ó sì lè jẹ́ òkúta funfun kan tó ń jẹ́ howlite, tí wọ́n pa láró. Ẹ wo ilà dúdú tàbí ti àwọ̀ ilẹ̀ tó bá wà lójú rẹ̀, kí ẹ fi èékánná wọ́ ọ. Lára òkúta gidi, ilà náà sábà máa ń jìn díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kì í jìn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án, ẹ má sì fi omi ìnu-ọ̀dà-èékánná nù ún, ó lè ba òkúta rere jẹ́.

Ẹ yí òrùka náà sí inú. Bí ẹ bá rí 925 tàbí "Sterling", wọ́n ń sọ pé fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 925 nínú 1,000. Àmì oníṣẹ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tàbí àwòrán kékeré kan. Òrùka àtijọ́ púpọ̀ kò ní àmì kankan, àmì nìkan kò sì tó ẹ̀rí, nítorí ẹni tó lè ṣe ayédèrú òrùka lè tẹ ayédèrú àmì sí i. Ohun tí mo máa ń wò ni ọ̀já fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ tó di òkúta mú. Bí ọwọ́ bá ṣe é, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o mọ́ ara òrùka. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí inú rẹ̀ sì ní ihò wínníwínní bí ojú àkàrà, inú mó̩ò̩dù ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú kì í ṣe eré níbẹ̀ o. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 sọ pé ẹni tó bá ta ohun tí ọmọ ìbílẹ̀ kò ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 dọ́là, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ rán oníṣòwò kan ní Albuquerque lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣe ní Philippines tó ń tà ní ti ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ jù ni ìyá tó jókòó ní Kewa tó ń lu ihò sí ìkarahun láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹni tó kó ti ilé iṣẹ́ dé á wá ta tirẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá iye tí ìyá náà ń tà á. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn.

Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀sọ̀ bi ọmọ yín léèrè: ta ló ṣe é, ìlú Pueblo wo ló ti wá, ṣé wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì? "Indian" ni wọ́n ń pe ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi "Indian style" lórí páálí kò sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ló ṣe é. Bó bá tún lọ, kó lọ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin àwọn gómìnà àtijọ́ ní Santa Fe. Àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ló máa ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n tàbí ará ilé wọn ṣe nìkan ni òfin ibẹ̀ gbà wọ́n láyè láti tà. Kó bá wọn sọ̀rọ̀, kó béèrè orúkọ.

Nípa ìtọ́jú: ẹ má fi omi fọ òrùka, ẹ má sì rì í sínú omi ìfọ-fàdákà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ri òrùka Zuni oníbàárà kan sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ máa ń fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ abẹ́ òkúta. Pákó náà mu omi, ó wú, ó ti òkúta sókè, òkúta sì là. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ni òrùka yẹn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ń múra, ẹ para tán, ẹ fín lọ́fínńdà tán, ẹ wọ aṣọ tán, kí ẹ tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Tí ẹ bá dé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú aṣọ rírọ̀, ẹ má gbé e kọ́. Okùn ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń hu irun, ẹ gbé e fún ẹni tó ń sín iyùn kó tún un sín, kó di kókó sí ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ náà lọ́tùn-ún lósì kó má baà máa yí. Bí ẹ̀rún òkúta kan bá já bọ́ lára ẹyẹ, ẹ gbé e pamọ́ sínú ìwé kí ẹ sì kọ̀wé sí mi kí ẹnikẹ́ni tó fi gúlúù kàn án.